ODÒ YÌNYÍN TÓ Ń RÌN: BÍ WỌ́N ṢE Ń WỌN ÌRÌN RẸ̀ LÁTI OJÚ ÒFURUFÚ

Lọ́jọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí à ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn òkè, ọ̀rọ̀ kan bọ́ lẹ́nu wa tí a kò dúró lé lórí. A ní ní ilẹ̀ òtútù, yìnyín wà tó gùn ju ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ lọ, tó nípọn bí òkè, tó sì ń rìn. A sọ ọ́, a sì kọjá lọ. Àṣé a ti dá iṣẹ́ sílẹ̀ fún ara wa.

Nígbà tí a ó fi jáde láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá kan tó ń ta ògì ládùúgbò wa ti dúró dè wá. Ó ní, “Alfa, yìnyín tí èmi mọ̀, bí èèyàn bá gbé e sílẹ̀, yíyọ́ ló ń yọ́. Èyí tí ẹ ní ó ń rìn yìí, ṣé ó lẹ́sẹ̀ ni? Bó bá tiẹ̀ ń rìn, kí ló kàn wá níbẹ̀?” Kó tó di ọ̀sán, ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn awọnlẹ̀ tún wá. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. Bí àwa bá fẹ́ wọn ilẹ̀, òpó sìmẹ́ńtì tí wọ́n ti rì mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀ la máa kọ́kọ́ wá, torí òun kì í kúrò lójú kan. Ilẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ń rìn, ibo ni wọ́n máa ri òpó sí?”

Ìbéèrè méjèèjì dùn mọ́ wa. Ti ọmọkùnrin yẹn gan-an ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ òní, ti ìyá ológì náà kò sì ní pẹ́ dé. Kí ẹ má baà rò pé a fẹ́ ṣe bí ẹni tó mọ gbogbo nǹkan, wàláà àti gègé ni wọ́n fi kọ́ àwa ní kékeré, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ohun tí àgbà kò bá mọ̀, ó yẹ kó lè bi ọmọ léèrè. A ti bi àwọn tó mọ̀ ọ́n, a sì ti ka ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ débi tí agbára wa gbé e dé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí yìnyín náà fúnra rẹ̀. Ohun tí à ń pè ní odò yìnyín kì í ṣe omi odò tó dì o. Òjò dídì ni, èyí tó funfun bí òwú, tó ń bọ́ sórí òkè lọ́dọọdún tí oòrùn kò sì rí i yọ́ tán kí òmíràn tó dé. Ti ọdún yìí á bọ́ lé ti èṣí lórí, ti èṣí ti wà lórí ti ọdún tó ṣáájú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn ó máa tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ títí ti ìsàlẹ̀ á fi le gbagidi, tí á di yìnyín. Nígbà tó bá nípọn tó, ìwúwo ara rẹ̀ kò ní jẹ́ kó dúró. Ọ̀nà méjì ló ń gbà rìn. Èkínní, inú rẹ̀ ń fà díẹ̀díẹ̀ bí oyin tó ti dì, tí èèyàn da ìgò rẹ̀ dojú bolẹ̀. Èkejì, ìdí rẹ̀ ń yọ̀ lórí àpáta tàbí ẹrẹ̀ tó jókòó lé, pàápàá bí omi bá rí ọ̀nà wọ abẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, ìyá wa, kò lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń yọ̀ lọ.

Àwọn ará Switzerland, tí ilé wọn wà lẹ́bàá yìnyín yìí, ti mọ̀ tipẹ́ pé kò dúró lójú kan. Ní ọdún 1827, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Franz Josef Hugi kọ́ ahéré kan sórí odò yìnyín Unteraar kó lè máa rí ibi forí pamọ́ sí bó bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí Louis Agassiz fi máa dé ibẹ̀ ní nǹkan bí ọdún mẹ́tàlá lẹ́yìn náà, ahéré náà ti kúrò níbi tí wọ́n kọ́ ọ sí ju kìlómítà kan lọ. Kò sẹ́ni tó gbé e. Yìnyín ló rù ú lọ. Ní ọdún 1842, James Forbes, ará Scotland, gbé ẹ̀rọ awọnlẹ̀ dúró lórí àpáta lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò yìnyín Mer de Glace ní ilẹ̀ Faransé, ó ń wo àmì tó ṣe sára yìnyín. Ó rí i pé tọ̀sán-tòru ló ń rìn, pé àárín rẹ̀ sì ń yára ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, bí omi odò gẹ́lẹ́.

Ẹ kíyè sí ibi tí Forbes gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí. Orí àpáta ni, kì í ṣe orí yìnyín. Ìdáhùn ọmọ wa tó ń kọ́ṣẹ́ awọnlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ síí jáde níbẹ̀ yẹn: ohun tó ń rìn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni a ti ń wá ohun tí kò rìn.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àfẹsẹ̀rìn yìí ní ibi tó mọ. Odò yìnyín kún fún làlà, àwọn kan nínú wọn jìn débi pé bí ènìyàn bá já sínú wọn, wọ́n lè máà rí i mọ́. Níbi tó bá sì ti ń yára jù lọ, ibẹ̀ gan-an ló máa ń fọ́ yánnayànna jù lọ. Ọ̀pá mélòó ni èèyàn fẹ́ rì síbẹ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó bá a lọ? Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ náà sókè.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò ṣòro láti yé ènìyàn. Wọ́n ó so kámẹ́rà ńlá mọ́ abẹ́ ọkọ̀ òfurufú, ojú rẹ̀ á kọjú sílẹ̀ gbọnrangandan. Bí ọkọ̀ náà ti ń lọ ni yóò máa ya àwòrán, èyí tó yà báyìí á sì gorí apá kan èyí tó yà ṣáájú. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Nǹkan kan náà tí a bá wò láti ibi méjì ni a fi ń mọ bó ti ga tó àti bó ti jìn tó. Ẹ di ojú kan, kí ẹ gbìyànjú láti ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ẹ ó rí ohun tí à ń wí. Kí wọ́n tó gbéra, wọ́n á ti wọn àwọn àpáta kan ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì yìnyín náà, wọ́n á mọ ibi tí wọ́n wà gan-an. Àwọn àpáta wọ̀nyí ni òpó sìmẹ́ńtì tí ọmọ wa ń béèrè.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á padà lọ ya òmíràn. Wọ́n á to méjèèjì lé ara wọn, àpáta ti àkọ́kọ́ lórí àpáta ti ìkejì. Nígbà náà ni wọ́n á wá wo àárín. Làlà kan tó wà níbí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ti dé ọ̀hún báyìí. Ká ní ó ti sún ní mítà 300, tí ọjọ́ tó wà láàárín àwòrán méjèèjì sì jẹ́ 50, mítà 6 lójúmọ́ nìyẹn. Ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè pín in.

Ibi tó ti le ni mímọ iye ọjọ́ tó yẹ kó wà láàárín. Bí ó bá pẹ́ jù, làlà náà á ti yí padà, tàbí kó ti wó, wọn kò ní dá a mọ̀ mọ́. Bí kò bá pẹ́ tó, ibi tó sún dé kò ní ju àṣìṣe ọwọ́ ẹni tó ń wọ̀n ọ́n lọ, irọ́ ni wọ́n á máa wọ̀n. Yìnyín kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n tirẹ̀.

Ní báyìí, ìyá ológì, ẹ sún mọ́ rédíò yín. Ẹ ní kí ló kàn wá.

Ní Alaska, ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà tó wà lókè réré ní àríwá, odò yìnyín kan wà tí wọ́n ń pè ní Columbia. Láti orí òkè ló ti ń bọ̀, inú òkun ló sì fi ẹnu sí. Nígbà tí àwọn atukọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó tẹ̀ lé George Vancouver kọjá níbẹ̀ ní ọdún 1794, ibi tí wọ́n bá ẹnu rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ibi tó ṣì wà ní nǹkan bí ọgọ́sàn-án ọdún lẹ́yìn náà. Ẹni tó bá wò ó á ní kò lọ síbì kankan. Bẹ́ẹ̀, ó ń lọ. Ẹnu rẹ̀ gúnlẹ̀ sórí òkìtì yẹ̀pẹ̀ àti òkúta kan lábẹ́ omi, iye yìnyín tó ń bọ̀ láti òkè ló sì fẹ́ẹ̀ bá iye tó ń já sínú òkun dọ́gba, bí ilé tí owó tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde bá ṣe déédéé. Wọn kò ní là, wọn kò sì ní ṣàìní.

Ní ọdún 1977, wọ́n parí páìpù ńlá tó ń gbé epo rọ̀bì láti òpin àríwá Alaska wá sí èbúté Valdez. Láti ìgbà náà ni àwọn ọkọ̀ ojú omi agbépo ti ń kọjá nítòsí ibẹ̀, tí yìnyín tó bá ti ara Columbia já sì ń léfòó wá sójú ọ̀nà wọn. Ẹ̀rù wá ba àwọn aláṣẹ. Wọ́n ní kí àwọn onímọ̀ iléeṣẹ́ ìwádìí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní USGS, lọ wò ó: ṣé odò yìnyín yìí máa dúró bó ti wà, àbí ó máa tú?

Ojú òfurufú ni wọ́n ti wò ó. Wọ́n kó àwòrán tí wọ́n ti yà láti ọdún 1957 jáde, wọ́n sì ń fò lọ ya òmíràn léraléra lọ́dọọdún. Wọ́n rí i pé nítòsí ẹnu rẹ̀, ó ń rìn tó mítà 5 sí 6 lójúmọ́. Wọ́n tún rí ohun kan tó burú ju ìyẹn lọ: lẹ́yìn òkìtì tí ẹnu rẹ̀ jókòó lé, ilẹ̀ abẹ́ yìnyín náà jìn lọ sísàlẹ̀ ju ojú òkun lọ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọgọ́rùn-ún mítà. Bí ẹnu rẹ̀ bá lè yẹ̀ kúrò lórí òkìtì náà pẹ́nrẹ́n, omi jíjìn ló máa bọ́ sí, yìnyín tó bá sì wà nínú omi jíjìn a máa tètè já.

Ní ọdún 1980, Mark Meier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ síwèé. Wọ́n ní odò yìnyín Columbia kò ní pẹ́ kúrò lórí òkìtì rẹ̀, pé yóò fà sẹ́yìn kíákíá, tí yìnyín tí yóò máa dà sínú òkun yóò sì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì. Ẹ gbọ́ o, ọdún 1980 ni wọ́n kọ ọ́. Bí wọ́n ti wí i náà ló rí. Láàárín ọdún mélòó kan sígbà náà ó tú, ó sì bẹ̀rẹ̀ síí fà sẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbí tó máa ń da àwọn ènìyàn láàmú, ó sì da àwa náà láàmú nígbà tí a kọ́kọ́ kà á. Yìnyín náà ń sáré síwájú, ẹnu rẹ̀ sì ń fà sẹ́yìn. Báwo? Ẹ wo igi ìdáná. Bí obìnrin bá ń ti igi bọ inú ààrò, síwájú ni igi náà ń lọ, ṣùgbọ́n bí iná bá ń jẹ ẹ́ yá ju bó ti ń tì í lọ, igi náà á máa kúrú. Òkun ni iná níbí. Bí wọ́n ṣe mọ iye tí òkun ń jẹ nìyí: ká ní yìnyín rìn síwájú ní mítà 20 lónìí, tí ẹnu rẹ̀ sì fà sẹ́yìn ní mítà 2, a jẹ́ pé mítà 22 ló já sínú omi. Ẹni tó bá wo ẹnu rẹ̀ nìkan á ní mítà 2 péré ni. Ẹni tó bá wọn ìrìn rẹ̀ láti òkè nìkan ló mọ ohun tó ń lọ sójú ọ̀nà ọkọ̀.

Ìrìn náà sì ń le sí i. Láti mítà 5 sí 6 lójúmọ́, ó lọ títí ó fi dé nǹkan bíi mítà 30 lójúmọ́ ní àsìkò ọdún 2000. Ẹ to tírélà méjì tẹ̀lé ara wọn, bí ó ti ń rìn tó láàárín oòrùn kan sí èkejì nìyẹn.

Ní alẹ́ ọjọ́ 23 oṣù Mẹ́ta ọdún 1989, ọkọ̀ agbépo kan tí wọ́n ń pè ní Exxon Valdez gbéra ní èbúté náà, epo rọ̀bì kún inú rẹ̀. Yìnyín ti léfòó wọ ojú ọ̀nà. Ibo ni yìnyín náà ti wá? Láti ara Columbia ni. Wọ́n gba àyè láti yà kúrò lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà kí wọ́n lè yẹra fún un. Wọ́n yà, wọn kò sì tètè padà. Aago méjìlá òru ṣẹ̀ṣẹ̀ lù kọjá ni ọkọ̀ náà lọ gun àpáta abẹ́ omi tí wọ́n ń pè ní Bligh Reef, ikùn rẹ̀ sì ya. Epo tó tú sínú òkun tó gálọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 11. Ẹyẹ kú, ẹja kú, àwọn apẹja tí wọ́n fi ibẹ̀ ṣe oúnjẹ jókòó sílé. Àwa tí a mọ ohun tí epo tó tú sínú omi ń ṣe fún àwọn ará ilẹ̀ Niger Delta, ẹnìkan kò ní láti ṣàlàyé èyí fún wa.

A kò ní í di gbogbo ẹ̀bi ru yìnyín o. Àwọn tó wádìí ọ̀rọ̀ náà sọ nípa òṣìṣẹ́ tó ti rẹ̀, wọ́n sì sọ nípa àìbójútó tó yẹ. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́sàn-án ni ìwé tí wọ́n kọ ti wà nílẹ̀ pé yìnyín ibẹ̀ máa pọ̀ sí i. Nígbà tí a sọ èyí fún ìyá ológì, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, “Alfa, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n sọ ọ́, ọkọ̀ ṣì ń gba ibẹ̀ lóru?” A ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n wa. Kámẹ́rà ní àléébù. Kò ríran nínú kùrukùru, kò ríran lóru. Níbi tí òjò dídì tuntun bá sì ti bo gbogbo ilẹ̀ bí aṣọ àlà, tí kò sí làlà, tí kò sí òkúta, kí lèèyàn fẹ́ fi ṣe àmì? Nítorí èyí ni wọ́n fi wá lo rédà. Irú ìgbì tó ń gbé ohùn wa wá sínú ilé yín báyìí náà ni rédà ń lò. Yóò rán an jáde láti inú ọkọ̀ òfurufú, á lọ lu yìnyín, á padà wálé. Kùrukùru kò dí i lọ́wọ́, òkùnkùn kò dí i lọ́wọ́.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2012, wọ́n gbé irú rẹ̀ kan tó jẹ́ ti iléeṣẹ́ NASA, tí wọ́n ń pè ní UAVSAR, lọ sí ilẹ̀ Iceland. Ohun tí wọ́n lọ wọ̀n ni yìnyín Langjökull àti Hofsjökull, tí wọ́n bo ilẹ̀ ńláńlá láàárín orílẹ̀-èdè náà bí ìdérí ìkòkò, tí ẹsẹ̀ wọn sì ń ṣàn jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìgbì tí rédà yìí ń rán jáde gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 24. Lílọ àti bíbọ̀ rẹ̀ ni à ń kà, nítorí náà bí yìnyín bá fi sẹ̀ǹtímítà 12 sún mọ́ ọkọ̀, ìgbì náà á ti yí odindi ìyípo kan. Bó bá sún díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ tàbí kò tó bẹ́ẹ̀, wọ́n á rí i lára ibi tí ìyípo náà dúró sí. Wọ́n lè mọ̀ bó fi sún ní ìwọ̀n ìbú ìka ọwọ́, láti òkè tó ju kìlómítà 12 lọ.

Ìṣòro kan wà níbẹ̀. Ẹ wo tẹ̀sùbáà tó wà lọ́wọ́ yín. Bí a bá bá ìka yín lórí ẹyọ kẹwàá, a mọ̀ pé ẹ ti ka mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ṣé ìyípo àkọ́kọ́ lẹ wà ni, àbí ìkarùn-ún? Ẹyọ kẹwàá kò lè sọ ìyẹn fún wa. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìgbì rédà: ó sọ ibi tó dúró sí nínú ìyípo, kò sọ iye ìyípo tó ti kọjá. Kí ni wọ́n wá ń ṣe? Wọ́n á lọ bẹ̀rẹ̀ láti orí àpáta tó wà létí yìnyín, níbi tó dá wọn lójú pé kò sí ìrìn rárá, wọ́n á máa ka ìyípo náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ti ń wọ orí yìnyín lọ. Ọmọ wa, àpáta náà tún ni o. Rédà tó gbọ́n tó báyìí, kò lè ṣe é láìsí àpáta tó dúró.

Ọkọ̀ òfurufú náà ńkọ́, tí òun gan-an ń fò? Ó gbọ́dọ̀ padà gba ojú ọ̀nà tó gbà tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀rọ kan sí i tó ń darí rẹ̀, débi pé kò ní yà ju nǹkan bíi mítà 5 lọ sí ọ̀tún tàbí sí òsì ọ̀nà ìṣáájú. Ẹ rò ó wò, pẹ̀lú atẹ́gùn òkè lọ́hùn-ún. Mítà díẹ̀ tó bá sì fi yà, wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò.

Rédà tún ní ìwà kan. Bí ènìyàn bá ń fa àgbò bọ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ ó mọ̀ pé ó ń súnmọ́ yín. Bó bá ń fà á kọjá níwájú ilé yín láti ọ̀tún sí òsì, àgbò náà ń rìn, ṣùgbọ́n kò súnmọ́ yín, kò sì jìnnà sí yín. Rédà kò rí irú ìrìn yẹn nígbà tó bá wo ìyípo ìgbì rẹ̀. Ohun tó ń súnmọ́ ọn tàbí tó ń jìnnà sí i nìkan ló mọ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fò gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kọjá lórí yìnyín kan náà, kí wọ́n lè wò ó láti ìhà púpọ̀, kí wọ́n tó wá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ibí yìí ni ọkọ̀ òfurufú ti ju sátẹ́láìtì lọ. Sátẹ́láìtì ń yí ayé po lójú ọ̀nà tirẹ̀, lọ́jọ́ tirẹ̀, ìhà tó bá sì fẹ́ ló ń kọ sí. Ó wúlò gan-an, kò sí ibi tí kì í dé. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ òfurufú, ẹ lè ní kó lọ lọ́la, kó sì gba ìhà ìlà-oòrùn.

Kí ni wọ́n rí ní Iceland? Ìwọ̀n tí wọ́n mú láti òkè lórí bí yìnyín ṣe ń rìn lọ sí iwájú àti ẹ̀gbẹ́ bá ti àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n gbé sórí yìnyín mu. Ti bó ṣe ń lọ sókè tàbí sísàlẹ̀ ló da wọ́n rú, torí oṣù Kẹfà ni òjò dídì bẹ̀rẹ̀ síí rin, rínrin náà a sì máa tan ìgbì rédà jẹ, á dà bí ẹni pé yìnyín ga tàbí pé ó rẹlẹ̀ nígbà tí kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn fúnra wọn ló sọ èyí síta, wọn kò fi bò. Èyí tí wọ́n fi lọ́kàn balẹ̀ sọ ni pé lára àwọn ẹsẹ̀ yìnyín tó ń ṣàn jáde, ó ju ìdajì ìrìn wọn lọ tó jẹ́ pé yíyọ̀ ni wọ́n ń yọ̀ nídìí, kì í ṣe fífà inú wọn.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí láì ronú á ní kí ló wá wà níbẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni omi. Fífà inú yìnyín kì í yára yí padà. Ṣùgbọ́n yíyọ̀ ìdí rẹ̀, omi tó bá yọ́ lórí rẹ̀ tó sì gba inú làlà ṣàn wọ abẹ́ rẹ̀ lè yí i padà láàárín ọjọ́ díẹ̀, bí ilẹ̀ tí wọ́n da omi ọṣẹ sí. Wọ́n tún padà lọ fò lórí Hofsjökull ní oṣù Kejì ọdún 2014, láàárín òtútù, wọ́n sì rí i pé ìrìn oṣù Kẹfà ló yá jù. Bí ayé bá wá ń gbóná, tí omi tó ń yọ́ ń pọ̀, a jẹ́ pé ọ̀nà tí yìnyín orí ilẹ̀ ń gbà dé inú òkun kò lè wà bó ti wà.

Òkun sì ń gba gbogbo rẹ̀ ni. Omi tó ń lu etí òkun Lẹ́kì, tó ń lu Cotonou àti Lomé, kò ní ògiri tó yà á sọ́tọ̀ sí ti Alaska àti ti Iceland. Yìnyín tó ń kúrò lórí ilẹ̀ wà lára ohun tó ń gbé òkun sókè, pẹ̀lú bí omi òkun fúnra rẹ̀ ṣe ń gbóná tó sì ń fẹ̀. Ìyá wa, ibẹ̀ ló ti kàn wá. Àwọn tó bá fẹ́ mọ bí òkun yóò ti ga tó lẹ́yìn ọdún púpọ̀, tí wọ́n fẹ́ mọ bí ògiri etí omi ṣe gbọ́dọ̀ ga tó, lára ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè ni bí yìnyín ṣe ń rìn tó.

Ọmọkùnrin awọnlẹ̀ náà tún padà wá lálẹ́ àná lẹ́yìn àṣàmù. Ó fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ Columbia já sí. Ẹnu rẹ̀ ti fà sẹ́yìn ju kìlómítà 20 lọ sí ibi tó wà kí ó tó tú. Apá rẹ̀ méjì tó ń dà pọ̀ tẹ́lẹ̀ ti pín níyà, kálukú ti ní ẹnu tirẹ̀. Ibi tí kámẹ́rà ti ń ka làlà yìnyín ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, omi òkun ló wà níbẹ̀ báyìí, ọkọ̀ ojú omi sì lè gba ibẹ̀ kọjá. A sọ fún un pé àwọn àpáta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì ṣì wà níbi tí wọ́n wà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti mọ̀ bẹ́ẹ̀.